Ojú Ewé Ìkẹyìn Ìwé Màmá Mi

Lánàá, ní ìlú Bowie lókè òkun, òórùn oyin inú tíì àbúrò mi gbé mi padà sí ọjọ́ ìkómọ rẹ̀ ní ìlú Hyattsville.

"Dẹlóra ni mo fẹ́ kó máa jẹ́," ni màmá mi wí, "bí akíkanjú obìnrin inú ìwé tí mò ń kà."

Ìyá bàbá mi, tó ti ki ìka bọ oyin, dá ọwọ́ dúró. "Ìyàwó, orúkọ a máa ro ọmọ. Báwo ni ìgbẹ̀yìn obìnrin inú ìwé náà ṣe rí?"

Màmá mi ò tíì kà á tán. Mo gbé ìwé náà wá fún un. Màmá mi ń ṣí ewé títí dé ìkẹyìn, oyin ń kán.

"Ó dàgbà, ó darúgbó, Mà." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

Màmá àgbà fi oyin sí ọmọ lẹ́nu.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo ka ìwé náà, tí mo rí i pé obìnrin yẹn kú lọ́mọ ogún ọdún.

Àbúrò mi pé ọgbọ̀n lánàá.