Bí A Ṣe Gbé Etí Màámi Lọ sí Surulere

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti màámi kúrò nílé ní Èbúté Mẹ́ta. Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè, gbogbo àdúgbò gbọ́, màámi ò gbọ́. Ó pẹ́ tí ọyún ti ń jáde ní etí ọ̀tún wọn, etí òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Òróró lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti òwú la fi ń tọ́jú ẹ, títí òòyì fi gbé wọn ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bùọ̀dá Fẹ́mi, àkọ́bí wọn tó ń gbé Ìbàdàn, ti pàṣẹ lórí fóònù nígbà tí mo sọ pé ó lè di iṣẹ́ abẹ: "Ẹnì kan ò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kan orí Màámi. Ẹ gba oògùn, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé." Nílé wa, tí àkọ́bí bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Èmi ní tèmi, mo ní kò tíì parí.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá la wọ̀ dé Costain. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ pè é. Màámi bi í pé ṣé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ń fò ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Kòtò pọ̀ lọ́nà, mo di èjìká wọn mú títí a fi sọ̀ tá a wọ bọ́ọ̀sì Surulere.

Ìṣe ilé ìwòsàn etí yàtọ̀ sí tiwa. Nílé, ta ló jẹ́ jágbe mọ́ àgbà? Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ń pariwo "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá" tẹ̀ríntẹ̀rín. Inú màámi dùn, wọ́n ní ó ti pẹ́ táwọn ti gbọ́ ìkíni já geere báyẹn.

Dókítà tanná wo etí náà, ó wo àwòrán síkáànì inú orí tá a mú wá, ó wá kọjú sí mi.

"Awọ kan ló ń hù nínú etí Màmá, ó ń jẹ egungun lọ. Oògùn ò lè mú un kúrò. Tá a bá fi sílẹ̀, ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Iṣẹ́ abẹ ló kù, àmọ́ etí yẹn lè má gbọ́ràn mọ́."

Màámi fọwọ́ lu tábìlì. "Dókítà, èmi ni mo ni etí. Èmi ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀."

Ojú tì í. Ó dìde, ó lọ sápá òsì wọn, ó tún gbogbo ẹ̀ sọ.

Ibẹ̀ la wà tí Bùọ̀dá fi pè. Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sétí, wọ́n ń mi orí. "Hẹn-ẹn. O ṣeun, bàbá mi. Mo ti gbọ́." Wọ́n dá fóònù padà. Mo rò pé wọ́n ti gbà fún un.

"Kí ni Bùọ̀dá sọ, Màámi?"

"Mi ò mọ̀. Etí ọ̀tún tó ní ká fi sílẹ̀ ni mo fi gbọ́ ọ." Wọ́n yíjú sí dókítà. "Ọjọ́ wo lẹ máa ṣe é?"

A délé lọ́sàn-án, a ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà. A ò tíì jẹun tán tí Bùọ̀dá tún fi pè, ohùn wọn le. Ẹ̀rù wọn máa ń bà mí tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ yẹn kò bà mí.

"Màámi ti mú ọjọ́," ni mo wí. "Tí inú bá ń bí yín, ẹ wá bá wọn sọ ọ́ fúnra yín. Ṣùgbọ́n apá òsì ni kẹ́ ẹ dúró sí."