Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá inú awò VR

Lónìí, níṣojú gbogbo kíláàsì, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá arúgbó tí kò sí níbẹ̀.

Òwò ṣíṣe ni mò ń kọ́ ní yunifásítì ní Mòwé. Lẹ́kítọ́rà wa gbé awò VR wá ká lè fi kọ́ ọjà títà. Tó o bá ti fi sójú, inú ṣọ́ọ̀bù lo máa bá ara ẹ. Ìyá arúgbó ni oníbàárà tèmi. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nílẹ̀, mo sì ti forí gbá tábìlì.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́kítọ́rà ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, iye ọjà lẹ kọ́kọ́ sọ. Òun nìkan ló kí oníbàárà."

Èmi ni mo gba máàkì jù.

Mo pe màámi, mo ròyìn ẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ìyá yẹn tiẹ̀ ṣàdúrà fún ẹ?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n sọ fún wọn?