Èèrà Lẹ́nu Ike Ọ́ìlì Bíréèkì

Bọ́ọ̀sì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi kò lẹ́wà. N kò bú u, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Okùn la fi ń so ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìjókòó kan tí fóòmù rẹ̀ kò tíì yọjú wo àwọn èrò. Ṣùgbọ́n òun ló rán mi níléèwé, òun náà ni mo sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ tèmi. Mò ń ná Òkè-Oyì sí Ọjà Tuntun, mo tún ń ná Ọjà Tuntun padà sí Òkè-Oyì. Àwọn ìyá tó ń kó ẹ̀gẹ́, ata àti adìẹ bọ̀ láti oko ni oníbàárà mi. Tí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á ní, "Ọmọ Bàbá Bọ́ọ̀sì ti dé o."

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni bíréèkì bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Tí mo bá gbéra láàárọ̀, koko ló máa ń le. Àmọ́ tí oòrùn bá ti mú, tí mo sì ti tẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbóná, pẹ́dà á rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, ẹsẹ̀ mi á sì kan ilẹ̀ ọkọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì náà á ní òun kò ní í gbẹ́yìn: n ó tẹ̀ ẹ́, kò ní í jẹ́, gíà á sì máa ké. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ̀, mo tẹ bíréèkì títí, n kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Mo yí ọwọ́ ọkọ̀, mo wà á wọ oko olóko, pòròpórò àgbàdo ló dá wa dúró.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Àwọn ìyá bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbọn koríko kúrò lára, wọ́n gbé ẹrù wọn. Àgbà inú wọn wá bá mi, ó ní, "Ọmọ mi, a ò bínú sí ẹ. Àmọ́ a ò tún wọ ọkọ̀ yìí mọ́, àfi tó bá ń dúró." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni mẹkáníìkì tó ń tọ́jú bọ́ọ̀sì náà, lójú ọ̀nà Fátè ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Àgbàlagbà ni, fìlà funfun kì í kúrò lórí rẹ̀, n kò sì mọ bó ṣe ń ṣe é tí ọ́ìlì kì í fi kàn án. Ó tú ibi tó ń ti ọ́ìlì lọ sẹ́sẹ̀ táyà, ó bá rọ́bà inú rẹ̀ tó ti bàjẹ́, ó pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tèmi, ike ọ́ìlì kan ṣoṣo ni bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń mu, ohun tó bá ṣe ọ̀kan kò lè ṣàì ṣe èkejì. Ó bá mi ṣe méjèèjì, mo kí i, mo lọ.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, pẹ́dà tún rọ̀. Ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá, kì í ṣe rọ́bà nìkan. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó tún rọ̀, ó tún bá mi ṣe é.

Inú tètè máa ń bí mi, ìyàwó mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn aládùúgbò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dúró láàárín agbo ilé wa, mo pariwo pé, "Wàláì, tí bíréèkì yìí bá tún fi lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni n ó fà á lé lọ́wọ́!" Ìyá mi yọjú láti yàrá rẹ̀, ó wò mí, ó padà wọlé. Òun náà mọ̀ pé bọ́ọ̀sì yẹn nìkan ni ohun tí ọwọ́ bàbá mi ṣì wà lára rẹ̀.

Síbẹ̀, pẹ́dà tún rọ̀. Tìbínú-tìbínú ni mo fi rọra wọ́ ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù. N kò kí bàbá yẹn dáadáa tí mo fi ní, "Bàbá, ohun tí ẹ ń dà sínú ọkọ̀ yìí, ṣé ọ́ìlì ni àbí omi?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ wojú ara wọn. Bàbá ní, "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Wá wo nǹkan."

Ó ṣí ibi ẹ́ńjìnnì, ó na ìka sí ike ọ́ìlì. Èèrà ló tò yí ẹnu ike náà ká, wọ́n ń wọ́ lọ, wọ́n ń wọ́ bọ̀ bí ẹni wá sí ibi àsè.

"Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́," ó ní, "n ò rí èèrà tó ń jẹ ọ́ìlì bíréèkì rí."

Ó fa ọ́ìlì náà jáde sínú abọ́ funfun. Ó dúdú, nǹkan kan sì ń rọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ abọ́ bí èédú tí wọ́n lọ̀. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó wò mí, ẹ̀rín gbá a mú, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà funfun yẹn fi ré bọ́ sílẹ̀.

"Oyin nìyí! Tàdáà nìyí! Ta ló ń da hántú sínú ọkọ̀ fún ẹ?"

Kò sí ọmọ Ìlọrin tí wọn ò fún ní hántú mu rí. Ààfáà á fi tàdáà, yíǹkì dúdú yẹn, kọ ẹsẹ Kùránì sára pátákó wálàá, á fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́, wọ́n á fi oyin sí i, a ó sì gbé e mu fún ìṣọ́ra àti ọpọlọ pípé. Èmi náà mu ún kí n tó ṣe ìdánwò àṣejáde. Ilé kéwú sì wà lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa, àbúrò ìyá mi ni ààfáà ibẹ̀. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣírò rẹ̀ fún mi.

Bàbá nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Rọ́bà ló fa ti àkọ́kọ́, hántú ló fa ìyókù. Omi máa ń tètè hó, ọ́ìlì yìí kì í tètè hó. Tí bíréèkì bá ti gbóná, omi inú rẹ̀ á hó, á di afẹ́fẹ́ nínú páìpù. Afẹ́fẹ́ lásán lò ń tẹ̀. Tó bá tutù, á tún le, á máa tàn wá jẹ." Ó mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀. "Hántú dáa. Awakọ̀ ni kó mu ún. Bíréèkì kì í mu àdúà."

Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ jọ sẹ́nu, kò sì sí èyí tó dùn níbẹ̀. Mo bá ìyá mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí.

"Ìyá, ṣé ẹ da nǹkan sínú ọkọ̀ mi?"

"Hẹn, mo dà á." Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ta ló fi ibẹ̀ hàn yín?"

"Ìwọ náà ni. Lọ́jọ́ tí ẹ wọ oko olóko, mo ní níbo gan-an ni bíréèkì yìí wà, o ṣí i, o ní ike yìí ni. Ìgbàkígbà tí o bá sì ti ní ó tún rọ̀, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé èyí tí mo dà kéré ni. Mo fi kún un."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò jọ tú ká lẹ́nu mi. Mo jókòó tì í, mo wá rọra ṣàlàyé bí omi ṣe ń hó nínú páìpù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ẹ́ pa ẹ́ nìyẹn?"

Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ̀rù pé nǹkan lè ṣe mí ló bà yín." Omijé ti wà lójú rẹ̀. Mo yára sọ ohun tí bàbá mẹkáníìkì wí fún un, pé awakọ̀ ni kó máa mu ún. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó gbé ìgò hántú àti ife jáde. Mo mu ún tán níṣojú rẹ̀, ó sì dùn.

Ní ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, nínú ọ́ìlì, kò sì tètè ní kí n dìde. Lẹ́yìn náà ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà, ó da ọ́ìlì tuntun sí i, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n jókòó sídìí pẹ́dà kí a lè lé afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde.

"Pọ́ǹpù!"

"Mò ń pọ́ǹpù!"

"Dì í mú!"

"Mo dì í mú!"

Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ṣe bẹ́ẹ̀ fún, a tún ṣe ti kílọ́ọ̀ṣì, títí ọ́ìlì tó ń jáde fi mọ́ gaara. Mo ní ó ti rẹ̀ mí, ó ní kí n tún pọ́ǹpù. Mo mọ̀ pé ó ń gbẹ̀san, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Nígbà tí mo fẹ́ gbé ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà, ìyá mi ti wọ hìjáábù rẹ̀, ó jókòó síwájú. A wà á ní òfìfo káàkiri ní gbogbo àárọ̀ kó lè gbóná dáadáa. Lọ́sàn-án, a dé Òkè-Oyì. Àwọn ìyá dúró ti ẹrù wọn, wọ́n kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹnì kankan kò gbẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, wọ́n kàn ń mirí.

Ìyá mi yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ wọlé, jàre. Èmi tí mo bà á jẹ́ rèé, mo jókòó sínú rẹ̀."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ẹ̀rín pa wọ́n. Àgbà inú wọn ló kọ́kọ́ gbé apẹ̀rẹ̀ ata rẹ̀ wọlé, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, adìẹ tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá di ìjókòó wọn mú. Oòrùn mú gan-an. Mo wo ẹ̀yìn, kò sí ọkọ̀ kankan. Mo tẹ bíréèkì. Bọ́ọ̀sì dúró gbagidi, adìẹ figbe ta.

Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mi mú. "Ó dúró," ó ní.

"Ó dúró, Ìyá."

"Tún un tẹ̀."