Irin Agbọ̀n Tí Jethro Tẹ̀

"Irin náà ò tóbi. Ọwọ́ yín ló kéré."

Ohun tí Jethro sọ fún Ṣàfíù gbẹ̀yìn nìyẹn. Ó sọ ọ́ tán, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó fa fìlà wọ̀, ó lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ọjọ́ Ajé ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú, Jethro ti kú.

Wẹ́dà ni Jethro Oyèníran. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ọkọ̀ ojú irin já a sílẹ̀ ní Ìdó, tòun ti àpò kan àti orúkọ ọ̀gá kan nínú bébà. Pápá Àjàó ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló ti gba fúrídọ̀mù, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Mabel. Ọdún mọ́kàndínlógún ló lò nílùú Èkó. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kì í sì í lo tépù. Tí oníbàárà bá ní kó wọn nǹkan, á fọwọ́ kan ìpéǹpéjú ara rẹ̀.

"Tépù mi rèé. Kì í já."

Òótọ́ ni. Géètì tí Jethro bá ṣe ní Mushin, bí eyín òkè àti tìsàlẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń pàdé.

Ibi géètì náà ni básíkẹ́ẹ̀tì ti mú un. Ó ń jó irin géètì ilé ìwé kan ní Surulere. Àwọn tíṣà ibẹ̀ ń ṣeré bọ́ọ̀lù yìí nínú ọgbà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ sọ sínú irin róbótó tó wà lókè. Bọ́ọ̀lù yí wá bá a. Ó gbé e, ó sọ ọ́ padà láti ẹnu géètì. Ó wọ inú irin náà ṣàì. Àwọn tíṣà pàtẹ́wọ́ fún un. Mabel máa ń ní àtẹ́wọ́ yẹn ló ba ọkọ òun jẹ́.

Bó ṣe kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ nìyẹn: télọ̀, mẹkáníìkì, àwọn tó ń fi páànù ṣe àpótí, àti Ṣàfíù. Káfíńtà ni Ṣàfíù, ẹni ọdún méjìlélógún, ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àti ti Jethro. Ó kan pátákó ẹ̀yìn agbọ̀n. Jethro ní irin agbọ̀n, òun ni yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan ti sọ fún un pé íńṣì méjìdínlógún ni ẹnu agbọ̀n. Ó wo ríìmù mọ́tò kékeré, ó ní ó ti há jù. Ó wo ríìmù lọ́rì, ó ní èyí ló ṣe. Ó ká irin gbígbóná mọ́ ọn, ó jó ẹnu rẹ̀ pọ̀. Kò wọ̀n ọ́n. Ta ló fẹ́ ní kí Jethro wọn nǹkan?

Wọ́n gbé e kọ́ sára òpó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Jethro ní Pápá Àjàó. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń sọ bọ́ọ̀lù sí i, lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Bọ́ọ̀lù ń wọlé bí ẹni ń da omi sí àmù. Tìrìmísíyù, télọ̀ gíga kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, á máa pariwo:

"Ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn tíṣà Yábà o! Kí wọ́n tètè wá iṣẹ́ mìíràn!"

Jethro gbà á gbọ́. Ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá, tó ń darí líìgì básíkẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ ní Yábà. Tíṣà àti akọ̀wé ló kún líìgì náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Bọ́lárìnwá gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ó de òfin mọ́ ọn: ẹgbẹ́ tuntun tó bá pàdánù ìdíje mẹ́rin àkọ́kọ́, kó máa lọ ilé.

"Mẹ́rin kẹ̀?" Jethro rẹ́rìn-ín. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà."

Ọdún 1972 ni, ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò ní ọwọ́ òsì, kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Oṣù kẹrin ni mọ́tò yípadà. Ìparí oṣù náà ni líìgì bẹ̀rẹ̀.

Ìdíje kìíní, wọ́n nà wọ́n. Ìkejì, wọ́n nà wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe pé wọn ò lè sáré. Kì í ṣe pé wọn ò rí bọ́ọ̀lù gbà. Wọ́n á gbà á tán, wọ́n á sọ ọ́, á kọlu irin gbàgà, á jáde. Gbàgà, gbàgà, bí ẹni ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tíṣà ń rẹ́rìn-ín. Lójú ọ̀nà ilé, ìjà dé.

"Ta ló fi ẹ́ sí iwájú? Abẹ́rẹ́ ni kó o lọ máa jù!"

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé pátákó lo rò pé à ń sọ ọ́ sí, káfíńtà?"

Jethro ń rìn níwájú, ọwọ́ lẹ́yìn.

Kí ìdíje kẹta tó bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ti ń na ara, Ṣàfíù àti Tìrìmísíyù sọ bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀lù méjèèjì pàdé nínú agbọ̀n Yábà, wọ́n há síbẹ̀. Igi ni wọ́n fi tì wọ́n bọ́ sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìdíje bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún nà wọ́n. Ó ku ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, bọ́ọ̀lù méjì tún pàdé. Ti ọ̀tẹ̀ yìí kò há. Méjèèjì gba inú irin bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, kò sí èyí tó fara kan ẹ̀gbẹ́. Ṣàfíù dúró. Ó gbé àga, ó gorí rẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù méjèèjì lọ́wọ́, ó jù wọ́n sínú irin pọ̀. Wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ó tún un ṣe. Wọ́n tún bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó. Irin yín ló pa wá. Oṣù mẹ́ta lẹ fi kọ́ wa ní irọ́!"

Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ló ti sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀rọ̀ ni Ṣàfíù pè é sí, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Jethro wo irin náà títí. Ó wo Ṣàfíù. Ìgbà náà ló sọ ohun tó sọ, tó sì lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ibi tó ń lọ. Nígbà tó ń bọ̀ láti Yábà, ó fẹ́ sọdá títì. Ó wo ọ̀tún, bó ti ń wò ó láti ọdún mọ́kàndínlógún. Lọ́rì gba òsì dé.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sin ín. Àwọn yòókù ní àwọn ò lọ sí Yábà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ṣàfíù ni kò gbà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ rìn nítorí líìgì yìí. A ò ní jókòó sílé kí wọ́n yọ wá."

Wọ́n lọ. Wọn ò ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Tìrìmísíyù ń sáré, ó ń sunkún. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọgbọ̀n tiwọn sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Ṣàfíù. Kò sẹ́ni tó dí i. Ó sọ ọ́ bí ó ti ń sọ ọ́ ní Pápá Àjàó. Bọ́ọ̀lù kan irin, ó yí i po ẹ̀ẹ̀mejì, ó jáde.

Ní Pápá Àjàó, ìyẹn ìbá ti wọlé.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," Bọ́lárìnwá wí. "Ẹ gbìyànjú gan-an ni."

"Sà, ẹ fún wa ní ẹyọ kan sí i. Ọ̀gá wa ò tíì pé ọ̀sẹ̀ nílẹ̀."

"Tí mo bá ṣe é fún yín, ṣé mi ò ní ṣe é fún ẹlòmíì? Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọjọ́ Àìkú, Ṣàfíù lọ kí Mabel. Ó bá a níbi tó ti ń ká aṣọ ọkọ rẹ̀. Ó jókòó.

"Àǹtí, ṣé inú ṣì ń bí ẹ̀gbọ́n sí mi kí wọ́n tó lọ?"

Mabel na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó fa okùn kékeré kan yọ.

"Èyí ló wà lápò rẹ̀. Okùn tí mo fi ń sá aṣọ ni. Ó gé e láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo bá a jà. Mo ní, 'Jethro, kí lo fẹ́ fi okùn aṣọ mi ṣe?' Ó ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan ní Yábà." Ó fi okùn náà han Ṣàfíù. "Wò ó, ó ta kókó sí i níbí, ó tún ta sí i níbí. Kí ni?"

Ṣàfíù fa tépù yọ lápò. Ó wọn àárín kókó méjèèjì. Íńṣì méjìdínlógún géérégé.

"Kí ni, Ṣàfíù?"

"Tépù wọn ni, Àǹtí."

Ó bẹ̀ ẹ́ kó fún òun. Mabel fún un.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù dá páropáro. Ṣàfíù gbé àga sábẹ́ òpó, ó gùn ún. Ó na okùn Jethro sí ẹnu irin. Irin fi íńṣì méjì fẹ̀ ju okùn lọ. Kò mọ irin jó, iná ìjórin ń bà á lẹ́rù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá okùn ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fi ń di pákó nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó tún gun àga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e mọ́ irin, ó ń fà á le, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wé e kárí, ó na okùn kókó méjì náà sí i. Ẹnu irin ṣì fi ìwọ̀n ìka kan fẹ̀ jù ú lọ.

Ó wá orí okùn ọ̀gbọ̀ náà kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé ìpele kejì.