Ogún Kílò Kí N Tó Fojú Kan Ìyá Mi

Agídí mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ìfúnpá mi wò ní Ìlobù kàn ní kí n dín kílò díẹ̀ kù nítorí orúnkún mi ni. Èmi ni mo lọ sọ ọ́ di ogún. Tíṣà ni mí, mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe nǹkan láìfi máàkì sí i. Mo fa ìlà sórí káádíbọ́ọ̀dù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, mo sì kọ ẹ̀bùn tí màá fún ara mi síwájú kílò márùn-ún márùn-ún. Bàtà kánfáàsì ló ṣáájú. Aago ọwọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni kí n rán àǹkárá tuntun. Níwájú ogún kílò, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo kọ: Ìfọ́n.

Ìfọ́n ni wọ́n bí mi sí, Ìlobù ni mo lọ́kọ sí. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo ṣì kéré lára, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ kí ìyá mi. Nígbà tí mo sanra, ó di ọ̀kadà. Àfi ìgbà tí wàhálà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú wa méjèèjì, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, tí sójà dúró sójú ọ̀nà. Èmi àti ìyá mi wá di ẹni tó ń kíra lórí fóònù. Ọkàn mi ò balẹ̀ nínú ilé yẹn, mo ń jẹ ṣáá. Nígbà tí ọ̀nà fi máa là, mi ò lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró mí.

Kí n má parọ́, mo lè gun ọ̀kadà lọ kí wọn. Ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé ẹsẹ̀ mi ni màá fi wọlé tọ̀ wọ́n lọ, bíi ti àtijọ́. Mo sì mọ ara mi: tí mo bá ti fojú kàn wọ́n, kò sí ohun tó tún máa mú mi fi iyán alẹ́ sílẹ̀. Àárò ìyá mi ni mo fi ń lé ara mi jáde lọ rìn láràárọ̀.

Ó gbà mí ju ọdún kan lọ. Bí mo ṣe ń fọn làwọn èèyàn ń bi mí pé ṣé kò sí o. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ṣé ọkọ mi ṣì ń gbọ́ bùkátà. Ẹ̀rín pa mí. Àmọ́ nígbà tó ku kílò mẹ́rin, òṣùwọ̀n kọ̀, kò lọ, kò bọ̀, fún oṣù mélòó kan. Ìgbà yẹn náà ni ìyá mi ò fẹ́ gba fóònù mọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó ń tọ́jú wọn, ló pè mí.

“Ẹ tètè wá o. Ìyá ń bèèrè yín, wọ́n sì ti ń gbàgbé nǹkan.”

Mo ní, “Ó ku kílò mẹ́rin.”

“Kílò kí ni, mà?”

Mo pa fóònù. Mo rò pé ìgbàgbé àgbàlagbà lásán ni, èmi gan-an máa ń wá awò ojú mi kiri nígbà tó wà lójú mi.

Ní Sátidé kan, òṣùwọ̀n dúró síbi tí mo ń wá. Mo gbéra kí oòrùn tó mú. Inú mi dùn débi pé mò ń kí ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Mo kọjá àwọn ilé tí iná ti jó òrùlé wọn, mi ò wò wọ́n pẹ́. Ìyá mi wà níwájú ilé, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ délẹ̀, ohun tí mi ò lè ṣe láti ọdún mélòó kan.

“Ẹ dìde, ẹ dìde. Ẹ kú ọ̀nà. Ibo lẹ ti ń bọ̀?”

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. “Ìlobù ni, Ìyá mi.”

Ojú wọn tàn. “Ìlobù? Mo lọ́mọ obìnrin kan níbẹ̀. Tíṣà ni. Ó sanra, ẹ ò lè ṣì í mọ̀. Ojú mi ti wà lọ́nà títí, kò wá.”

“Ìyá, èmi ni.”

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti àlejò. “Rárá o. Ọmọ tèmi sanra.”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jáde síta, ó ṣàlàyé fún wọn títí. Wọ́n kàn ń mi orí. Mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣì mọ̀ mí, Ìlobù ni mo wà, mò ń ka kílò.

Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n ní mo ti rù jù, wọ́n ní kí wọ́n gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ wá fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n di méjì sínú ọ̀rá, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ bá mi fún ọmọ mi yẹn. Ẹ ní mi ò bínú, kó ṣáà ti wá.”

Mo tún kúnlẹ̀. Mo ní màá jíṣẹ́.