Bisikíìtì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Mi Ò Tọ́ Wò

Inú ń bí mi. Ó ti pẹ́, ẹni tó ṣe é gan-an ti kú, ó sì ń bí mi síbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí n gbàgbé, kó lọ gbàgbé tirẹ̀ ná.

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni wọ́n sọ fún ìyá mi nílé ìwòsàn l'Ókìtìpupa pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é, kó má fẹnu kan ṣúgà mọ́. Ìyá mi fẹ́ràn ohun dídùn ju ẹran lọ. Ó padà sílé wa n'Ígbódigò, ó jókòó bí ẹni tí olè kó lẹ́rù lọ. Èmi ni mo lọ bi nọ́ọ̀sì bóyá mo lè fi èso ṣe bisikíìtì fún un. Ó ní ẹyọ méjì péré lóòjọ́, kó má sì sí ṣúgà níbẹ̀ rárá.

Wọ́n ti kọ́ mi ní ìdáná nílé ìwé. Mo gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, mo fún omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i, mo fi ìyẹ̀fun, ẹyin àti bọ́tà pò ó. A ò ní ààrò búrẹ́dì. Mo da yanrìn sínú ìkòkò irin, mo gbé páànù lé e, mo kó ẹyín iná sórí ìdérí. Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, o mà dá mi padà sáyé o." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ méje, kí Ọlọ́run lè wò ó sàn pátápátá.

Ààwẹ̀ yẹn ló kó bá mi. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, mo po ìyẹ̀fun tuntun sílẹ̀, mo lọ pọnmi lódò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló wà nílé. Òun ló ń ṣe olórí ilé látìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo dé, mo yan bisikíìtì. Mi ò tọ́ ọ wò, ààwẹ̀ ni mò ń gbà. Tí mo bá sì ṣínu nírọ̀lẹ́, púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, ni mò ń jẹ; ti ìyá mi ni bisikíìtì.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jẹ ẹ́. Ó ní ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi òpè, mo ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó yẹn ló pọ́n dáadáa! Òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́, ó ń tọ̀ ṣáá, èèrà bo ibi tó ń tọ̀ sí. Lọ́jọ́ karùn-ún, kò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́. Ọkọ̀ tó ń kó pákó la fi gbé e lọ s'Ókìtìpupa.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni Màmá ti jẹ́wọ́. "Ṣúgà díẹ̀ ni mo bù sí i. Àwọn ìyá ìjọ ń bọ̀ wá kí i, a ó sì fún wọn jẹ nínú rẹ̀. Ṣé kí wọ́n máa sọ kiri pé ilé àbúrò mi ò lè ra ṣúgà mọ́ látìgbà tó ti kú?"

"Màmá, ẹ mọ̀ pé wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́!"

"Adùn kì í pààyàn. Má jágbe mọ́ mi, ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí?"

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà nílé, òun gan-an ló sì mú un wọ́. Mo sọ fún un níbẹ̀ pé ojú ayé ló ń ṣe, kò ro ti aláìsàn. Àwọn èèyàn ní mo rí àgbà fín. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i fín. Mi ò tọrọ àforíjì, mi ò sì ní tọrọ.

Ọlọ́run gba àdúrà, ìyá mi yè. Lẹ́yìn oṣù kan, mo tún yan bisikíìtì lójú rẹ̀. Mi ò dìde nídìí iná títí ó fi jinná, mo sì kọ́kọ́ jẹ ẹyọ kan kó rí mi. Ó mú tirẹ̀ lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀ títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dá a padà sínú àwo.

"Ìyá, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi mọ́ ni?"

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ni mò ń bẹ̀rù, ọmọ mi. Ilé yìí ni."