Kùkùté inú fọ́tò òyìnbó

Òórùn egungun màlúù ló kọ́kọ́ gba imú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó fojú kan òyìnbó. Iyọ̀ ni mò ń tà nígbà yẹn. Bí mo bá ń rù ú lọ sí ọjà Ìpàtà, mo máa ń gba inú pápá ẹ̀yìn odi kọjá, torí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sùn sí, látìgbà tí àwọn ṣójà òyìnbó ti yin ìbọn àgbá lu òun àtàwọn jagunjagun ìlú wa. Ẹni tó bá kú sójú ogun, àwa Mùsùlùmí kì í wẹ̀ ẹ́. Ibi tó bá ṣubú sí là ń sin ín sí, tòun taṣọ ẹlẹ́jẹ̀ lọ́rùn. Àlùfáà ṣe àdúà, a tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, koríko sì hù. Àjèjì tó bá débẹ̀, pápá lásán ló máa rí.

Òyìnbó yìí kì í ṣe ṣójà o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ya àwòrán ilẹ̀ tí ogun ti jà, káwọn ará ìlú rẹ̀ lè gbé e kọ́ sára ògiri, kí wọ́n máa fi ikú ẹni ẹlẹ́ni ṣèran wò. Ogun ló ń wá, koríko ló bá. Ló bá ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ra egungun lọ́wọ́ àwọn alápatà, wọ́n ń tò ó kiri bí ẹni ń pàtẹ ọjà. Èmi tí mo mọ ọjà pàtẹ, mo rẹ́rìn-ín títí iyọ̀ fi fẹ́ dà lórí mi. Òkú ń bẹ nílẹ̀, wọ́n ń fi màlúù ṣe òkú. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ọkọ́ jáde pé kí àwọn gbẹ́lẹ̀ káwọn lè ri egungun náà dé ìdajì. Orí ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi ọkọ́ sí.

Ẹ̀rín tán. Mo sọ igbá kalẹ̀, mo lọ dúró síwájú ọkọ́. Ògbifọ̀ òyìnbó, bàbá kan ládùúgbò wa, sáré wá.

"Oníyọ̀, kúrò níbẹ̀. Kò fẹ́ èèyàn nínú àwòrán rẹ̀."

"Ẹ bá mi bi í, bàbá, ṣé màlúù ló bá wọn jagun ni?"

Kò jẹ́ túmọ̀ ìyẹn. Ó fi kóòtù dẹ́rù bà mí, mo ní ṣé wọn kì í jẹyọ̀ ní kóòtù ni. Oòrùn ń ga, òyìnbó ò sì fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ́ kúrò, ó sọ nǹkan kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó bo àpótí tó fi ń ya àwòrán. Ògbifọ̀ ní, "Ó ní kó o dúró. Àpótí yìí kì í mú ohun tó bá ń mira. Ó ní kò sí obìnrin ọjà tó lè dúró jẹ́ẹ́, o ò ní hàn níbẹ̀."

Mo dúró. Eṣinṣin bà mí létè, mi ò fọwọ́ lé e. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́, èmi fúnra mi ò mọ̀ pé ó ní ìlẹ̀kùn. Òmùgọ̀ èmi, mo rò pé bí wọ́n bá rí mi lókè òkun, wọ́n á béèrè ẹni tó wà lábẹ́ ilẹ̀.

Wọn ò béèrè. Nígbà tó yá, ògbifọ̀ fi fọ́tò náà hàn mí. Egungun dà bí òkúta, nǹkan dúdú kan sì nàró láàárín pápá. Ó ní òyìnbó ń sọ fáwọn èèyàn rẹ̀ pé kùkùté igi tí ìbọn àgbá jó ni. Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín jù ú lọ.

Mo ti darúgbó báyìí. Ọkọ́ ò kan ilẹ̀ yẹn títí dòní. Àgbà ní ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Kí wọ́n máa wò mí lọ lára ògiri wọn.